Ẹ́ńsáìmù kan ló ń gba ẹ̀gẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́wọ́ àrùn mósáìkì: ṣé ààbò kan ṣoṣo tó?

Àgbẹ̀ tó bá gbin ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ ìgbàlódé sí oko rẹ̀ lónìí, ì báà jẹ́ ní Ghana, ní Benin, ní Nàìjíríà tàbí ní Cameroon, kì í sábà fi àrùn mósáìkì ṣe àníyàn bíi ti àwọn tó dáko ṣáájú rẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ náà á tutù yọ̀yọ̀, igi rẹ̀ á dàgbà, iṣu rẹ̀ á sì ta. Àwọn tó ti ń dáko láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature Communications ní ọdún 2022 ti tọ́ka sí ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ẹ́ńsáìmù kan ni, ọ̀kan péré nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà nínú igi ẹ̀gẹ́. Ìyípadà kékeré tó dé bá ẹ́ńsáìmù yìí ni kò jẹ́ kí àrùn mósáìkì rọ́wọ́ mú nínú igi náà.

Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó gbé ìbéèrè kan dìde tí àwọn ìjọba agbègbè yìí kò lè fọwọ́ rọ́ tì sẹ́yìn: bó bá jẹ́ pé orí ààbò kan ṣoṣo ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn dúró lé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí àrùn bá rí ọ̀nà gbà kọjá?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Nàìjíríà ló ń pèsè ẹ̀gẹ́ jùlọ lágbàáyé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún, èyí tó súnmọ́ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń wà láyé. Gààrí, fùfú àti láfún ní Nàìjíríà, attiéké ní Côte d'Ivoire, ara ẹ̀gẹ́ ni gbogbo wọn ti wá. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde ipò pàjáwìrì lórí ètò oúnjẹ, nítorí pé ọ̀wọ́n gógó ti mú ìlú. Ohunkóhun tó bá dí ìkórè ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, ìdílé tó jẹ́ pé gààrí ló gbẹ́yìn sí wọn lọ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Kí ni ẹ́ńsáìmù ń ṣe nínú ẹ̀gẹ́?

Ẹ́ńsáìmù jẹ́ èròjà tí ohun abẹ̀mí ń ṣe nínú ara rẹ̀ láti mú kí iṣẹ́ kan tètè ṣẹlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í tán nídìí iṣẹ́ náà. Bó bá ti parí ọ̀kan, á bọ́ sórí òmíràn. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ṣe ń dùn ju èyí tí kò tíì pọ́n lọ, iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ni. Bí ápù tí wọ́n là sí méjì ṣe ń pọ́n lójú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà ni.

Àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí ti ń lo ẹ́ńsáìmù láti ìran dé ìran láì pè é lórúkọ. Inú ẹ̀gẹ́ ni èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní linamarin, èyí tí májèlé sáyánáìdì lè ti ara rẹ̀ jáde. Ẹ́ńsáìmù tó lè tú u ká, linamarase, wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń gbé nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ ni àwọn méjèèjì ń pàdé. Májèlé náà á wá máa jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀gẹ́ ti wà nínú àpò, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, títí tí wọn yóò fi yan án nínú agbada. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi í kánjú tú àpò.

Ẹ́ńsáìmù tí ọ̀rọ̀ kàn nínú ìwádìí 2022 kì í ṣe linamarase. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni àdàkọ.

Fáírọ́ọ̀sì tó ń yá irinṣẹ́ onílé lò

Nínú sẹ́ẹ̀lì igi ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan ni DNA wà, tó dà bí ìwé tí wọ́n kọ gbogbo bí igi náà yóò ṣe rí sí. Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó lè pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da ìwé náà kọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní DNA polymerase delta wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láìsí i, igi kò lè dàgbà.

Àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn mósáìkì wà nínú ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní geminivirus. DNA ni tiwọn náà, ṣùgbọ́n ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹ́ńsáìmù àdàkọ nínú ẹrù wọn. Bí wọ́n bá wọ inú igi, irinṣẹ́ onílé ni wọ́n ń yá lò. Ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó máa da DNA ẹ̀gẹ́ kọ á wá máa da ti fáírọ́ọ̀sì kọ, títí tí fáírọ́ọ̀sì yóò fi gba gbogbo igi.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dé oko. Àkọ́kọ́ ni kòkòrò funfun kékeré kan tó ń fò, Bemisia tabaci, tó ń fa omi ara ewé mu, tó sì ń gbé àrùn láti igi kan dé òmíràn. Èkejì ni ọwọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gé gbìn, kì í ṣe hóró. Bí igi bá ti ní àrùn lára, àrùn náà ni wọ́n gbìn pẹ̀lú rẹ̀.

Ewé igi tó bá kó mósáìkì á ní àbàwọ́n, apá kan á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, apá kan á dúró ní àwọ̀ ewé. Á wá lọ́ po, á sì kéré. Ewé tó bá ti bàjẹ́ báyìí kò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bó ti yẹ, iṣu kò sì ní rí ohun tí yóò fi ta. Bí àrùn náà bá le, àgbẹ̀ lè pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ì bá kórè.

Láti Amani dé Ìbàdàn

Ọdún 1894 ni Otto Warburg, onímọ̀ ewéko ọmọ Jámánì, ṣàpèjúwe àrùn náà ní agbègbè tó di Tanzania lónìí. Ní àwọn ọdún 1930, ní ibùdó ìwádìí Amani ní orílẹ̀-èdè kan náà, àwọn onímọ̀ mú ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ kan láti Brazil tó ń jẹ́ Manihot glaziovii, igi tí wọ́n ń fa rọ́bà lára rẹ̀. Wọ́n ń wá ẹ̀gẹ́ tí àrùn kò ní lè mú.

Hóró tó ti ibẹ̀ wá dé Moor Plantation ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ṣa èyí tó dára jùlọ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Sang Ki Hahn, onímọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè South Korea, dé ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ní ọdún 1971, orí ohun tó bá nílẹ̀ yìí ló kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ lé. Ẹ̀yà tí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe tàn kálẹ̀ débi pé àwọn ará Ìkirè fi í joyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ti ṣe pàtàkì tó hàn gbangba ní Uganda. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àrùn mósáìkì tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé oríṣi fáírọ́ọ̀sì méjì ló pàdé nínú igi ẹ̀gẹ́, tí DNA wọn sì dàpọ̀ di ẹ̀yà tuntun. Ó tàn dé Kenya, Tanzania, Rwanda, Burundi àti Congo. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa ẹ̀gẹ́ tì, ebi sì dé. Ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀yà tó lè dènà àrùn dé ni ara tó bẹ̀rẹ̀ sí tù wọ́n. Ọ̀kan lára wọn ni TMS 30572 tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n mọ̀ sí Migyera ní Uganda.

Ọkọ Ìyàwó àti ohun tó wà nínú oko àgbẹ̀

Ṣùgbọ́n ààbò tó lágbára ju ti Amani lọ ti wà nínú oko àwọn àgbẹ̀ lágbègbè yìí. Nígbà tí IITA ń kó ẹ̀yà ìbílẹ̀ jọ ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, wọ́n rí àwọn kan tí mósáìkì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú. Bí ó bá tilẹ̀ mú wọn, wọ́n á tún gbádùn. Wọ́n fún wọn ní orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà TME. TME 7 ni èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Ọkọ Ìyàwó. TME 419, tó gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà lónìí, ni wọ́n ń pè ní Gbazekoute ní Tógò.

Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn àgbẹ̀ tó tọ́jú ẹ̀yà wọ̀nyí ní ìmọ̀ jíìnì. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó: igi tí ewé rẹ̀ bá mọ́, tí iṣu rẹ̀ sì ta, ni wọ́n ń gé gbìn lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun náà ni wọ́n ń fi ta aládùúgbò lọ́rẹ. Irú ìṣàyàn bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún, ló gbé ẹ̀gẹ́ náà dé ọwọ́ àwọn onímọ̀.

Ní ọdún 2002, ìwádìí lórí TME 3 fi hàn pé jíìnì kan tó lágbára ló wà nídìí ààbò náà. Wọ́n sọ ọ́ ní CMD2. Ó wúlò gidigidi fún àwọn tó ń mú ẹ̀yà tuntun jáde, nítorí pé bí ọmọ bá jogún rẹ̀ lára òbí kan ṣoṣo, ó ti tó. Láìpẹ́, òun ni gbogbo ènìyàn ń wá. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e sì fi hàn pé ibì kan náà, lórí krómósómù 12, ni ọ̀pọ̀ jùlọ agbára tí ẹ̀gẹ́ Áfíríkà ní láti dènà mósáìkì ti ń wá.

Àǹfààní rẹ̀ kò mọ ní Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n rí mósáìkì ní Cambodia ní ọdún 2015, tó sì tàn dé Vietnam àti Thailand, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì tà fún ayé, CMD2 ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ yíjú sí.

Lẹ́tà kan tó yí padà

Ohun kan wà tó ṣe àwọn onímọ̀ ní kàyéfì. Ní ọdún 2016, ìwádìí fi hàn pé bí wọ́n bá mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́ tó ní CMD2 lọ sí ilé àyẹ̀wò, tí wọ́n sì mú igi tuntun hù láti ara rẹ̀, igi tuntun náà lè pàdánù ààbò tí òbí rẹ̀ ní. Igi kan náà ni lójú, ṣùgbọ́n àrùn ń mú un.

Ikọ̀ onímọ̀ láti ETH Zurich ní Switzerland, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Donald Danforth Plant Science Center àti Yunifásítì California ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn àmì tó wà lórí DNA, èyí tó ń pinnu jíìnì tí yóò ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ní ṣiṣẹ́, ló yí padà. Wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka DNA àwọn igi náà lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n sì fi wọ́n wé ara wọn, ohun tí wọ́n bá ni lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ nínú jíìnì tó ń jẹ́ MePOLD1. Jíìnì yìí ló ń ṣe apá tó ń dàkọ gan-an nínú DNA polymerase delta.

Láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, wọ́n mú ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tí mósáìkì máa ń mú, wọ́n sì dín iṣẹ́ jíìnì náà kù nínú rẹ̀. Igi náà ṣàìsàn, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí gbádùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ní CMD2 ti máa ń ṣe. Wọ́n tún rí ìyípadà mìíràn nínú jíìnì kan náà lára àwọn ẹ̀yà mìíràn tó ní irú ààbò yìí.

Àlàyé tó bá èyí mu ni pé ẹ̀gẹ́ wọ̀nyí kì í pa fáírọ́ọ̀sì, wọn kì í sì í tì í mọ́ ìta. Irinṣẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì ń yá ni kò bá a lọ́wọ́ mu mọ́. Onílé ṣì ń fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àlejò ni kò lè fi ṣe bó ṣe fẹ́.

Ẹ̀kọ́ láti ara igi ápù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ewu tó wà nínú gbígbára lé jíìnì kan ṣoṣo lè wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń gbin ápù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àrùn èépá ni ọ̀tá wọn tó le jùlọ. Fọ́ńgáàsì kan tó ń jẹ́ Venturia inaequalis ló ń fà á, ó sì ń sọ ara èso di dúdú, tí ó rí wúruwùru, tí ẹnikẹ́ni kò ní rà lọ́jà. Kí wọ́n má bàa pàdánù, wọ́n ń fín oògùn sí i léraléra lọ́dọọdún.

Láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Purdue, Rutgers àti Illinois rí jíìnì kan tó ń dènà èépá lára igi ápù òdòdó kan, Malus floribunda. Wọ́n mú un wọ inú ápù jíjẹ. Ní ọdún 1970 ni wọ́n gbé Prima jáde, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn tó ní jíìnì kan náà sì tẹ̀lé e. Ó dà bí ẹni pé ìjà ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ kéde pé ní Ahrensburg, ní àríwá Jámánì, fọ́ńgáàsì kan ti jáde tó ń mú àwọn ápù wọ̀nyí.

Jíìnì ti ápù ń ṣiṣẹ́ bí ọlọ́dẹ tó ń fi aṣọ dá olè mọ̀. Nígbà tí olè pààrọ̀ aṣọ, ọlọ́dẹ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ápù tuntun ti ń gbìyànjú láti kó jíìnì méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ sínú igi kan, kí olè má bàa fi ọgbọ́n kan ṣoṣo wọlé.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yàtọ̀, òótọ́ sì ni dé àyè kan. Fáírọ́ọ̀sì mósáìkì kò lè wà láìsí ẹ́ńsáìmù onílé, nítorí náà kò rọrùn fún un láti wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rí wà nínú oko pẹ̀lú: CMD2 ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀. Síbẹ̀, àmì ìkìlọ̀ ti yọ. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí DNA kéékèèké méjì lára ẹ̀gẹ́ ní Tanzania, tí wọ́n sọ ní SEGS. Bí àwọn wọ̀nyí bá wà pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì mósáìkì, ẹ̀gẹ́ tó ní CMD2 pàápàá lè ṣàìsàn gidi. Ògiri náà kò tíì wó, ṣùgbọ́n ó ti ń lanu.

Àrùn kejì tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn

Ewu tó tún le ju èyí lọ ni àrùn mìíràn, èyí tó ń fa ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ lára igi ẹ̀gẹ́. Ọdún 1936 ni wọ́n ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Tanzania. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, etí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jùlọ. Ní ọdún 2004 ni wọ́n tún rí i ní Uganda, láti ìgbà náà ló sì ti ń tàn kálẹ̀, títí tó fi wọ ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Olómìnira Congo.

Ẹ̀tàn ló fi ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ lè wo oko rẹ̀ kó rí i pé igi dúró dáadáa, ewé sì pọ̀. Ọjọ́ tó bá hú ẹ̀gẹ́ tó sì là á ni yóò tó rí i pé inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀, ó ti le gbagidi, kò sì ṣeé jẹ. Ohun tó fi oṣù mẹ́wàá tàbí ọdún kan ro oko fún ti di ìdọ̀tí.

CMD2 kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbí, ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù náà ló sì ṣàlàyé ìdí. Fáírọ́ọ̀sì àrùn yìí kì í ṣe onídí DNA, RNA ni tirẹ̀. Kò nílò DNA polymerase ẹ̀gẹ́, nítorí pé ó ní ẹ́ńsáìmù àdàkọ tirẹ̀. Ó tún ní ẹ́ńsáìmù kejì tó ṣọ̀wọ́n láàárín irú rẹ̀, Ham1, èyí tí ìwádìí kan ní ọdún 2019, tí wọ́n fi ìbátan igi tábà ṣe, so pọ̀ mọ́ bí àrùn náà ṣe ń mú kí ara ewé kú. Ẹni tó bá yí irinṣẹ́ ilé rẹ̀ padà nítorí àlejò kan kò tíì ṣe nǹkan kan sí àlejò tó gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ dání wá.

Uganda ti rí àpẹẹrẹ èyí. TME 204, ẹ̀yà tó ní CMD2, tí wọ́n pín kiri láti gba àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ mósáìkì, wà lára àwọn tí àrùn tuntun náà mú gidigidi. Igi tó jẹ́ ìdáǹdè lọ́wọ́ àrùn kan ló di ọ̀nà tí òmíràn gbà tàn, nítorí pé láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń pín in.

Kí ló yẹ ní ṣíṣe?

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ètò WAVE, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bingerville ní Côte d'Ivoire lábẹ́ ìdarí onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì Justin Pita, ń kó àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà jọ láti máa ṣọ́ oko ẹ̀gẹ́. Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lára ibùdó wọn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2021, Kenya fọwọ́ sí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ìmọ̀ jíìnì ṣe láti dènà àrùn ìlà aláwọ̀ ilẹ̀. Nàìjíríà náà ti gbé ìlànà jáde ní ọdún 2020 lórí títún jíìnì ohun ọ̀gbìn ṣe.

Ṣùgbọ́n àárín ilé àyẹ̀wò àti oko ni ìṣòro wà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í ra igi ẹ̀gẹ́. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò tàbí oko àná ni wọ́n ti ń gé e. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso irúgbìn ní Nàìjíríà ń fọwọ́ sí igi tó mọ́, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó lè rí igi gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ná owó lórí òmíràn àfi bó bá rí èrè rẹ̀ kedere. Bí ìjọba bá fẹ́ kí igi mímọ́ dé oko, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kó súnmọ́ abúlé, kí owó rẹ̀ má sì wọ́n, kí àwọn tó ń pèsè rẹ̀ náà lè rí jẹ nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè tún wà. Ènìyàn àti ọjà ń lọ fàlàlà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè yìí, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ìdì igi ẹ̀gẹ́ kan nínú ọkọ̀ akẹ́rù lè gbé àrùn kọjá ibi tí kòkòrò funfun kò lè fò dé láàárín ọdún kan. Fífi òfin de nǹkan nìkan kò tó, nítorí pé ẹni tí kò mọ ewu tó wà níbẹ̀ á gba ọ̀nà pánpẹ́. Rédíò èdè abínibí, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bẹ oko wò lè ṣe ju ohun tí àwọn aṣọ́bodè lè ṣe lọ.

Fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà tuntun, ìtàn ápù ti sọ ohun tó yẹ: ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ààbò ti Amani, CMD2, àti èyíkéyìí mìíràn tí wọ́n bá rí ní láti wà pọ̀ nínú igi kan náà, kí ẹ̀gẹ́ máa bàa gbára lé lẹ́tà kan nínú jíìnì kan. Ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn kò jìnnà. Ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tó ju 2,000 lọ wà nínú àkójọ IITA ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ sì wà nínú oko tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò. Bí gbogbo oko bá kún fún ẹ̀yà kan náà nítorí pé òun ló ń ta jù lónìí, àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ tó kù á parẹ́, irú ohun tí Ọkọ Ìyàwó gbé pamọ́ sínú á sì bá wọn lọ.

Èyí tún mú ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wá. Oko àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ẹ́ńsáìmù tó yàtọ̀ yìí ti wá, Zurich, St. Louis àti Los Angeles ni wọ́n ti kà á. Kò sí aburú nínú àjọṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé láìsí i, àṣírí náà ì bá ṣì wà níbi tó wà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ilé iṣẹ́ bá máa fi MePOLD1 ṣe ẹ̀yà tí wọn yóò máa tà, ó yẹ kí àwọn ìjọba agbègbè yìí ti fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tó tọ́ sí àwọn tí oko wọn ni ó ti jáde. Ó sì yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ní Ìbàdàn, Umudike, Ọ̀tà àti Bingerville ní irinṣẹ́ tí wọn yóò fi lè ka DNA ẹ̀gẹ́ nílé, kí wọ́n má bàa máa dúró de èsì láti òkèèrè nígbà tí àrùn bá dé.

Àkókò ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ṣíṣe ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tuntun, láti ìgbà tí wọ́n bá mú òbí méjì pọ̀ títí tí yóò fi dé ọwọ́ àgbẹ̀, ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Igi rẹ̀ kì í tètè pọ̀ bí hóró àgbàdo. Igi kan ń fúnni ní ìwọ̀nba èyí tí wọ́n lè gé gbìn lọ́dún kan. Àrùn kò ní ìdúró bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí àwọn ìjọba bá ná sórí igi mímọ́ àti ilé àyẹ̀wò láàárín ọdún díẹ̀ sí àsìkò yìí ni yóò pinnu iye tí agbọ̀n gààrí kan yóò jẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ tí àrùn láti ìlà-oòrùn bá kan ilẹ̀kùn.